Wáìnì pupa Bordeaux: ohun tó wà nínú ìgò àti oúnjẹ tó bá a mu

Ẹ gbé ìgò wáìnì pupa kan tó wá láti Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹ ó rí àwòrán ilé ńlá kan, ẹ ó rí ọdún, ẹ ó rí orúkọ abúlé tàbí àgbègbè kan, ẹ ó sì rí ọ̀rọ̀ Faransé bíi mélòó kan tó ń dún bí oyè. Ohun tó ṣeé ṣe kí ẹ má rí ni orúkọ èso àjàrà tí wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa ra wáìnì South Africa tàbí ti Chile, níbi tí wọ́n ti ń kọ Merlot tàbí Shiraz gàdàgbà síwájú ìgò, kò ní mọ èwo ni kó mú. Iye owó ni ọ̀pọ̀ á wá fi yàn, tàbí kí wọ́n mú èyí tí àwòrán ilé rẹ̀ tóbi jù.

Bẹ́ẹ̀ orúkọ ibi tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn gan-an ni ìdáhùn. Ní Bordeaux, èso àjàrà kan ṣoṣo kì í sábà dá wáìnì pupa ṣe. Méjì ni wọ́n ń pò pọ̀, tàbí mẹ́ta, nígbà míì mẹ́rin. Ilẹ̀ tí oko wà lórí rẹ̀ ló ń sọ èyí tó máa pọ̀ jù nínú wọn. Èyí tó bá pọ̀ jù ló ń sọ bóyá wáìnì náà á le lẹ́nu tàbí á rọ̀. Líle àti rírọ̀ yẹn la sì fi ń mọ oúnjẹ tó yẹ ká gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibi tí ìgò ti wá ti mọ ohun tó máa jẹ pẹ̀lú rẹ̀ dé ìwọ̀n kan, kó tó ṣí i rárá.

Odò méjì, ilẹ̀ méjì

Bordeaux jẹ́ ìlú èbúté ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Faransé, kò jìnnà sí òkun Atlantic. Odò méjì ló ń ṣàn ní àgbègbè rẹ̀: Garonne, tó gba inú ìlú náà kọjá, àti Dordogne, tó ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn. Àwọn méjèèjì pàdé lápá àríwá ìlú, wọ́n di omi ńlá kan tó ń jẹ́ Gironde, òun ló wá wọ òkun. Bí èèyàn bá kọjú sí ibi tí omi ń ṣàn lọ, Médoc àti Graves wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Saint-Émilion, Pomerol àti Fronsac wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníwáìnì fi máa ń sọ̀rọ̀ nípa bèbè òsì àti bèbè ọ̀tún, tí ẹni tí kò mọ ibẹ̀ á máa rò pé òṣèlú ni wọ́n ń sọ.

Lọ́wọ́ òsì, òkúta wẹ́wẹ́ ló kún inú ilẹ̀. Odò ló wọ́ ọ wá láti orí òkè láti àìmọye ọdún sẹ́yìn. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í gba omi dúró, oòrùn sì máa ń tètè mú un gbóná. Èso tó ń jẹ́ Cabernet Sauvignon fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an, torí pé ó máa ń pẹ́ kó tó pọ́n, gbogbo ooru tó bá rí ló nílò kí òjò ìgbà ìkórè tó dé. Èso rẹ̀ kéékèèké ni, èèpo rẹ̀ sì nípọn. Lọ́wọ́ ọ̀tún, amọ̀ àti òkúta ẹfun ló pọ̀ níbẹ̀. Amọ̀ máa ń tutù, ó sì ń gba omi dúró, nítorí náà bí wọ́n bá gbin Cabernet Sauvignon síbẹ̀, ọdún mìíràn wà tí kò ní pọ́n dáadáa. Merlot ló bá ilẹ̀ yẹn mu. Ó máa ń yára pọ́n, èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti èkejì lọ, adùn inú rẹ̀ sì kún. Ẹnì kẹta wọn, Cabernet Franc, wà lápá ọ̀tún náà, pàápàá ní Saint-Émilion. Òórùn dídùn ni òun máa ń mú wá ní tirẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí Pauillac, Margaux, Saint-Julien, Saint-Estèphe tàbí Haut-Médoc lára ìgò, Cabernet Sauvignon ló sábà máa ń ṣáájú nínú rẹ̀, Merlot á tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ Saint-Émilion, Pomerol, Fronsac tàbí Castillon, Merlot ló ṣáájú. Bí ó bá sì jẹ́ Bordeaux lásán ni wọ́n kọ, láìdárúkọ abúlé kankan, ẹ gbà pé Merlot ló pọ̀ jù, torí pé ju ìdajì oko àjàrà pupa tó wà ní gbogbo àgbègbè náà lọ ló jẹ́ ti Merlot. Ilé tó ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀ kò ṣàìsí. Ní Saint-Émilion, Château Cheval Blanc máa ń fi Cabernet Franc tó pọ̀ gan-an sínú tirẹ̀. Ní Pomerol, Petrus fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ Merlot látòkè délẹ̀. Àmọ́ ìgò tí àwa máa rà níwọ̀n owó wa, òfin bèbè méjì yẹn tó fún un.

Kì í ṣe pé ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Médoc tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀ yìí, irà ló pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ará Holland ló wá gbẹ́ kòtò tí wọ́n fi fa omi rẹ̀ kúrò ní ọ̀rúndún 17. Ṣáájú wọn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ni ọjà náà. Ní 1152, Eleanor tó jogún ilẹ̀ Aquitaine fẹ́ Henry, ẹni tó di ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1154, abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì sì ni Bordeaux wà láti ìgbà náà títí di 1453, tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wáìnì rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba, tí ẹ máa ń gbọ́ tí àwọn àgbàlagbà òyìnbó ń dárúkọ claret, wáìnì pupa Bordeaux yìí náà ni wọ́n ń wí. Ti Merlot tó gbòde sì nìyí: ní oṣù kejì ọdún 1956, òtútù burúkú kan pa igi àjàrà rẹpẹtẹ, ó sì le jù lápá ọ̀tún. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ máa tún oko ṣe, Merlot ni ọ̀pọ̀ wọn gbìn.

Kí ló dé tí wọ́n ń pò ó?

Àwọn kan gbà pé wáìnì tí wọ́n pò pọ̀ kò lè dára tó èyí tí èso kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀, àfi bíi pé wọ́n kó àṣẹ́kù jọ. Ní Bordeaux, òdìkejì rẹ̀ gan-an ni. Ojú ọjọ́ ibẹ̀ kò ṣeé fọkàn tán, torí òkun tó wà nítòsí. Merlot máa ń tètè rúwé, òtútù oṣù kẹrin sì lè pa á. Cabernet Sauvignon máa ń pẹ́, òjò oṣù kẹwàá sì lè bà á jẹ́ lórí igi. Àgbẹ̀ tó bá gbin méjèèjì kò ní pàdánù gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún kan ṣoṣo. Lójú tèmi, ìbẹ̀rù àdánù ló kọ́kọ́ bí àṣà yìí kó tó di ọ̀rọ̀ adùn.

Ọ̀rọ̀ adùn náà wà níbẹ̀ ṣá. Merlot ló ń jẹ́ kí wáìnì kún ẹnu, kó sì rọ̀. Cabernet Sauvignon ló ń fún un ní egungun, tí wáìnì fi lè pẹ́ nínú ìgò láìbàjẹ́. Petit Verdot, tó ṣòro kó tó pọ́n, ni wọ́n ń fi díẹ̀ sí i kí àwọ̀ rẹ̀ lè dúdú. Malbec àti Carmenère ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá ní Bordeaux, òkè òkun ni wọ́n ti wá dolówó: Malbec ní Argentina, Carmenère ní Chile, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Merlot títí di 1994 kí onímọ̀ ará Faransé kan tó sọ fún wọn pé ọ̀tọ̀ ni èyí. Ní 2021, torí pé ooru ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, ìjọba Faransé gbà kí wọ́n fi èso pupa tuntun mẹ́rin kún un, ọ̀kan nínú wọn sì ni Touriga Nacional ti ilẹ̀ Potogí. Àwọn tuntun yìí kò gbọdọ̀ ju 10% lọ nínú ìgò.

Ohun kan wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nípa àwọn èso wọ̀nyí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní California yẹ ẹ̀jẹ̀ ìdílé wọn wò ní àwọn ọdún 1990, wọ́n rí i pé Cabernet Franc àti Sauvignon Blanc, tó jẹ́ èso funfun, ló bí Cabernet Sauvignon. Nígbà tó yá, wọ́n tún rí i pé Cabernet Franc yìí kan náà jẹ́ òbí Merlot. Ará ilé kan náà ni wọ́n ń kó jọ sínú ìgò látọjọ́ yìí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pò ó gan-an? Nígbà ìkórè, láti oṣù kẹsàn-án wọ oṣù kẹwàá, èso oko kọ̀ọ̀kan máa ń lọ sínú táńkì tirẹ̀. Omi inú èso àjàrà pupa kì í pupa o. Bí ẹ bá fún un sínú ife, ẹ ó rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ ní àwọ̀. Èèpo ló ń pa á láró, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi èèpo sílẹ̀ nínú rẹ̀ bó ṣe ń hó, tí ìwúkàrà ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀ tó sì ń sọ ọ́ di ọtí. Nígbà òtútù, wọ́n á bù díẹ̀díẹ̀ nínú táńkì kọ̀ọ̀kan wá sórí tábìlì, nínú àwọn ìgò tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára, pẹ̀lú ife gígùn tó ní ìlà ìwọ̀n. Wọ́n á da 60 ti táńkì yìí, 35 ti tọ̀hún, 5 ti ìkẹta, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á tu ú sínú garawa, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Márùn-ún péré yẹn lè yí gbogbo rẹ̀ padà. Táńkì tí kò bá yege máa ń lọ sínú wáìnì kejì ilé náà, tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀, tí owó rẹ̀ sì dín sí ti àkọ́kọ́. Les Forts de Latour ni ti Château Latour. Ti Latour ṣì wọ́n gọbọi, àmọ́ àwọn ilé tí òkìkí wọn kò kàn tó bẹ́ẹ̀ náà ní wáìnì kejì, ibẹ̀ sì ni mo máa ń sọ pé kí ẹni tó fẹ́ mọ ọwọ́ wọn láìta ilé baba rẹ̀ kọ́kọ́ wò.

Èyí tó bá máa pẹ́ nínú wọn á wọ àgbá igi óòkù, àgbá Bordeaux tó ń gba lítà 225, ìyẹn 300 ìgò. Igi náà ń fi òórùn tirẹ̀ kún un, ó sì ń fi owó kún un.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń dún bí oyè

Château kì í ṣe ààfin dandan. Oko tó bá ń fi àjàrà tirẹ̀ ṣe wáìnì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, kódà kó jẹ́ àká lásán ló wà níbẹ̀. "Grand Vin de Bordeaux" kì í ṣe àmì ẹ̀yẹ, kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó fún un ní oyè. "Mis en bouteille au château" ń sọ pé inú oko náà ni wọ́n ti rọ ọ́ sínú ìgò. Èyí wúlò láti mọ̀, àmọ́ kò sọ pé ó dùn. "Bordeaux Supérieur" ní òfin tó le díẹ̀ ju ti Bordeaux lásán lọ, ìyẹn nìkan ni.

Ti 1855 ló gba àlàyé. Lọ́dún náà, Napoléon Kẹta, olú ọba Faransé, fẹ́ ṣe ìpàtẹ ńlá ní Paris, ó sì fẹ́ kí wọ́n to wáìnì Bordeaux ní ìpele. Àwọn alágbàtà ìlú náà jókòó, wọ́n wo iye tí oko kọ̀ọ̀kan ti ń tà á, wọ́n to wọ́n sí ìpele márùn-ún. Oko 61 ló wà nínú ìwé náà lónìí fún wáìnì pupa. Médoc ni gbogbo wọn wà, àfi Haut-Brion tó wá láti Graves. Mẹ́rin ló wà lókè pátápátá nígbà náà: Lafite, Latour, Margaux àti Haut-Brion. Ọdún 1973 ni Mouton Rothschild tó gòkè bá wọn, nígbà tí Jacques Chirac jẹ́ mínísítà ọ̀gbìn. Ìyàtọ̀ mìíràn kò fi bẹ́ẹ̀ sí láti ìgbà náà wá. Ìwé iye owó ọjà ayé àtijọ́ ni àwọn èèyàn ń bọ̀wọ̀ fún báyìí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dẹ́rù bà yín.

Saint-Émilion kò sí nínú ìwé yẹn rárá. Ọdún 1955 ni wọ́n ṣe tiwọn, wọ́n sì máa ń tún un ṣe. 2022 ni wọ́n ṣe é kẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ọ̀fìn kan wà: "Saint-Émilion Grand Cru" lásán kì í ṣe ìpele kankan, ọ̀pọ̀lọpọ̀ oko ló ń kọ ọ́. Àfi tí ẹ bá rí "Classé" lẹ́yìn rẹ̀. Pomerol kò ní ìpele kankan, bẹ́ẹ̀ Petrus tó wà níbẹ̀ wà lára àwọn wáìnì tó wọ́n jù láyé.

Ohun tó ń há lẹ́nu

Ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ mu Bordeaux máa ń fa ojú ro. Wáìnì pupa tó pọ̀ ní òde àríyá wa ní ṣúgà nínú, èyí kò ní. Ìwúkàrà ti jẹ ẹ́ tán. Ohun tó kù ni ọtí, ìkan díẹ̀, àti èròjà kan tó ń jẹ́ tannin, tó wá láti inú èèpo, láti inú kóró èso àjàrà, àti láti ara àgbá igi. Ẹni tó bá ti jẹ èso kaṣú rí mọ bí ó ṣe máa ń há ahọ́n àti ọ̀fun lẹ́yìn tí omi rẹ̀ bá ti wọlé. Tannin ló ń ṣe ìyẹn náà.

Itọ́ ẹnu wa ní purotéènì tó ń jẹ́ kí ẹnu máa yọ̀. Tannin máa ń lẹ̀ mọ́ purotéènì yìí, á sì gbá a lọ, ẹnu á wá gbẹ. Bí ẹ bá ti jẹ ẹran tó lọ́ràá sí i, purotéènì ẹran náà wà ní àrọ́wọ́tó fún tannin láti lẹ̀ mọ́, ọ̀rá sì ti bo ahọ́n. Wáìnì tó le ní ẹ̀ẹ̀kan á wá rọ̀. Òun náà á sì gbá ọ̀rá ẹnu dànù, tí òkèlè tó tẹ̀ lé e á fi dà bí àkọ́kọ́. Iyọ̀ náà máa ń bá wọn tún un ṣe. Àṣírí gbogbo ìmọ̀ràn oúnjẹ àti wáìnì pupa kò ju èyí lọ: tannin púpọ̀ ń wá ọ̀rá àti ẹran, tannin díẹ̀ ń wá ohun tó rọ̀.

Lórí tábìlì wọn

Ohun tí àwọn ará Bordeaux fúnra wọn ń jẹ ló dára jù láti fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní Pauillac, ọ̀dọ́ àgùntàn ni. Wọ́n ń fi wàrà ìyá rẹ̀ bọ́ ọ, òfin sì dáàbò bo orúkọ rẹ̀. Iyọ̀ àti aáyù ni wọ́n fi ń sun itan rẹ̀, wọn kì í kó èròjà lé e. Cabernet Sauvignon inú abúlé kan náà ló yẹ ẹ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ẹran ìhà màlúù, entrecôte à la bordelaise. Nígbà òtútù, àwọn àgbẹ̀ máa ń gé ẹ̀ka igi àjàrà kúrò, wọ́n á dì í ní ìdì, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ kó gbẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ sun ẹran, wọ́n á ti iná bọ̀ ọ́. Iná rẹ̀ máa ń jó fòfò, kì í pẹ́ tí á fi di ẹyin iná, orí rẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹran tó nípọn lé. Ara rẹ̀ á pọ́n, inú rẹ̀ á ṣì pupa. Wọ́n á gé àlùbọ́sà kéékèèké wẹ́wẹ́ sórí rẹ̀, wọ́n á wá mú mùdùnmúdùn eegun tí wọ́n ti bọ̀, wọ́n á gé e pẹlẹbẹ, wọ́n á tò ó sórí ẹran kó máa yọ́ sínú rẹ̀. Pauillac, Saint-Estèphe, Haut-Médoc, èyíkéyìí nínú wọn ló lè dojú kọ ọ̀rá yẹn. Ní ìlú Bazas tó wà ní gúúsù, tí màlúù rẹ̀ lókìkí, wọ́n tilẹ̀ máa ń fi òdòdó ṣe màlúù tó sanra lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n á mú un yí ìlú ká kí ìgbà Ààwẹ̀ àwọn Kátólíìkì tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa kì í fẹ́ ẹran tí inú rẹ̀ ṣì pupa. Kò burú. Àmọ́ bí ẹran bá ti jinná kọjá, tí omi rẹ̀ ti gbẹ, Médoc tó le á le sí i ni. Ẹ kúkú mú Saint-Émilion tàbí Bordeaux lásán tí Merlot pọ̀ nínú rẹ̀.

Merlot náà ló ni pẹ́pẹ́yẹ. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Faransé kò lè ṣe kó má jẹ pẹ́pẹ́yẹ: itan rẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ pa, tí wọ́n sè jẹ́jẹ́ nínú ọ̀rá ara rẹ̀, tàbí àyà rẹ̀ tí wọ́n sun tòun tawọ. Olú ńlá tí wọ́n ń hú nínú igbó nígbà ìwọ́wé, tí wọ́n fi aáyù àti ewé parsley dín, bá Pomerol tó ti pẹ́ díẹ̀ rẹ́, torí òórùn ilẹ̀ tó wà nínú àwọn méjèèjì.

Ẹja ńkọ́? Wáìnì pupa àti ẹja ọlọ́ràá kì í sábà rẹ́, èèyàn á máa gbọ́ òórùn irin lẹ́nu. Ní 2009, àwọn onímọ̀ kan ní Japan fi hàn pé irin tó wà nínú wáìnì pupa ló ń fa á: bó bá ṣe pọ̀ sí nínú wáìnì ni òórùn ẹja ń le sí. Síbẹ̀, àwọn ará Bordeaux ní lamproie, ẹja odò kan tó gùn bí ejò, tí wọ́n ń sè pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ewé leek nínú wáìnì pupa gan-an, wọ́n á sì tún fi Saint-Émilion sìn ín. Kò tako òfin tó bó ṣe rí lójú, ọbẹ̀ náà ti di ọbẹ̀ wáìnì kí ó tó dé orí tábìlì.

Ti wàràkàṣì, mo lérò pé àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn á gbé Camembert rírọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Médoc, méjèèjì á wá korò. Wàràkàṣì líle tó ti pẹ́ ni kí ẹ wá, irú Gouda àtijọ́ ti ilẹ̀ Holland tàbí Comté. Iyọ̀ wọn àti ọ̀rá wọn mọ bí wọ́n ṣe ń tu tannin lójú.

Nínú oko, àwọn àgbàlagbà ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní chabrot: bí ọbẹ̀ bá kù díẹ̀ nísàlẹ̀ àwo, wọ́n á da wáìnì pupa lé e, wọ́n á rọra yí i pọ̀, wọ́n á gbé àwo náà sẹ́nu. Kò sí ilé oúnjẹ olówó ńlá tó máa kọ́ yín ní ìyẹn.

Ata tiwa ńkọ́?

Àsun jẹ́ ẹran ewúrẹ́ sísun, ọ̀rá wà lára rẹ̀, iyọ̀ wà níbẹ̀. Lójú àlàyé tó ti kọjá, ó yẹ kó bá Médoc rẹ́. Ata rodo ni kò gbà. Ọtí máa ń ru ojú ibi tí ata ń jó lẹ́nu sókè, tannin á tún gbẹ ẹnu lé e, ata á máa jó sí i, wáìnì á máa korò sí i. Ẹ̀bi wáìnì kọ́, ẹ̀bi àsun náà kọ́. Bí ó bá jẹ́ dandan, ẹ wá Bordeaux lásán tí kò tíì pẹ́, tí kò wọ àgbá, tí ọtí rẹ̀ kò ju 13% lọ, kí ẹ sì mú un tutù díẹ̀. Àmọ́ ká sòótọ́, ẹmu ló ni àsun. Ẹran àgbò tàbí ẹran màlúù tí wọ́n fi iyọ̀, àlùbọ́sà àti atalẹ̀ sun, tí ata rẹ̀ mọ níwọ̀n, ni kí ẹ fi ìgò Bordeaux tó dára dúró dè.

Bí a ṣe ń bù ú

Wọ́n máa ń sọ pé kí á mu wáìnì pupa ní ìwọ̀n ooru inú yàrá. Yàrá ilé olókùúta ní Faransé ni wọ́n ń wí, kì í ṣe yàrá ní Ìbàdàn lọ́sàn-án. 16°C sí 18°C ló dára fún Médoc, Bordeaux lásán lè tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Bí ibi tí ẹ wà bá ń gbóná tó 30°C, ẹ gbé e sínú fíríìjì fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó ṣí i. Ẹ má ṣe rì í mọ́ inú yìnyín pẹ̀lú bíà àti mínírà bí wọ́n ti ń ṣe lóde àríyá. Bí ó bá tutù jù, òórùn rẹ̀ á pamọ́, tannin rẹ̀ á sì le sí i, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fi í sílẹ̀ lórí tábìlì.

Médoc tí kò tíì pẹ́ máa ń rọ̀ bí wọ́n bá dà á sínú jọ́ọ̀gì fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ní wákàtí kan kí oúnjẹ tó dé. Èyí tó ti pẹ́ gan-an máa ń ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ gbé e nàró láti àná, kí ẹ rọra bù ú. Ẹ má sì rò pé gbogbo ìgò ló ń dára sí i bó bá ṣe ń pẹ́. Ọ̀pọ̀ Bordeaux tí kò wọ́n, láàárín ọdún márùn-ún ni kí ẹ ti mu ún, èyí tó sì ti ń gba oòrùn lójú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù láti ọdún tó kọjá, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú ìgò, ẹ dé e, ẹ gbé e sínú fíríìjì, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló ní. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ má dà á nù. Ẹ gé àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ sínú ìkòkò, ẹ da wáìnì náà lé e, ẹ jẹ́ kó hó títí á fi ku bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ẹ fi omi ẹran àti bọ́tà díẹ̀ sí i, kí ẹ wá dà á sórí ẹran tí ẹ bá sun.